Owó Idẹ Ṣáínà tí Gbémiga Gbé Wálé

Ìṣó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná Sàídátù ní Thamesmead, ní Lọ́ndọ̀nù. Ohun tó há síbẹ̀ kò ju owó idẹ kan ṣoṣo lọ, kò sì tóbi ju ìdérí ìgò. Ihò wà láàárín rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ihò róbótó bíi ti kọ́bọ̀ oníhò tí àwọn ìyá wa máa ń so mọ́ etí ìró láyé òyìnbó. Ihò onígun mẹ́rin ni, àfi bí ẹni pé ẹnì kan gé fèrèsé kékeré sára idẹ. Òwú pupa gba inú ihò náà kọjá, òwú ọ̀hún sì ti ṣá títí ó fi dà bí osùn tó gbẹ mọ́ ara. Ẹni tó bá wọlé, tó bá bi Sàídátù léèrè ohun tó jẹ́, yóò kàn ní, "Ti bàbá Waheedah ni," yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

Bàbá Waheedah ni Gbémiga, ọkọ rẹ̀, tí ó ti di olóògbé láti ọdún méjì. Nígbà èwe rẹ̀, iṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi ló ń ṣe. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, ní 1979, ló bá ọkọ̀ kan lọ láti Àpápá. Ó ní oṣù mẹ́rin ni òun máa lò. Oṣù mẹ́rin kọjá, oṣù mẹ́fà kọjá, kò sí lẹ́tà, kò sí ẹni tó wá jíṣẹ́. Ìgbà tó di oṣù kọkànlá ni Sàídátù gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn, ó ṣí i, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí ìdúró. Ó rù, ó gbẹ, ẹ̀wù tó wọ̀ lọ ti di ẹ̀wù bàbá rẹ̀ sí i lára. Owó idẹ yìí wà lọ́rùn rẹ̀.

Ìtàn tó sọ kò gùn. Ó ní ibà gbé òun ṣánlẹ̀ lójú omi, wọ́n sì gbé òun sí ọsibítù ní Hong Kong. Ó ní bàbá àgbàlagbà kan, ará Ṣáínà, ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tòun. Àwọn kò gbọ́ èdè ara àwọn, ṣùgbọ́n bàbá náà ló ń jókòó sí òun lẹ́yìn, tó ń tọ́jú òun, títí ara òun fi yá. Ọjọ́ tí òun máa lọ, ó bọ́ owó náà lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi kọ́ òun lọ́rùn. Ó tán. Ogójì ọdún ó lé ni Gbémiga fi sọ ìtàn yìí, kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un rí, kò sì yọ ẹyọ kan níbẹ̀. Sàídátù gbà á gbọ́ bí ènìyàn ṣe ń gba ilẹ̀ gbọ́ kó tó gbé ẹsẹ̀ lé e.

Àṣé ilẹ̀ máa ń jìn lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti rìn ín tán.

Nígbà àdúrà ọdún kan tí Gbémiga kú, Débọ̀ wá kí wọn. Débọ̀ náà bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ rí, ó ti darúgbó báyìí, ọ̀rọ̀ àtijọ́ kò sì jọ ohun tó lè dun ẹnikẹ́ni mọ́ lójú rẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì bá owó idẹ tó há sí ìṣó. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Gbémiga ọlọ́gbọ́n. Ṣé Hong Kong náà ló pè é fún ẹ, ìyàwó wa? Èmi kò sí nínú ọkọ̀ yẹn o, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi ni pé Liverpool ló sọ̀ sí. Wọ́n ní obìnrin kan wà níbẹ̀. Ó dáa, Ọlọ́run ti fi orí jì í." Ó bu ìrẹsì sẹ́nu. Kò mọ̀ pé òun ti sìnkú ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kejì.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Sàídátù ti pín sí méjì. Bí owó yẹn bá jẹ́ ayédèrú, a jẹ́ pé ìtàn náà jẹ́ ayédèrú, oṣù mọ́kànlá tó fi ń sunkún nígbà èwe rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń fi í rẹ́rìn-ín ní Liverpool. Ohun tó sì burú jù nínú rẹ̀ ni pé kò mọ ọkùnrin wo gan-an ni òun ń ṣe ọ̀fọ̀ rẹ̀ mọ́. Àárò Gbémiga ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fẹ́ fà á mọ́ra lọ́kàn, Liverpool á dá sí àárín wọn.

Ó fi owó náà han Waheedah, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, nígbà tó wá kí i lọ́jọ́ Àìkú. Kò sọ ohun tí Débọ̀ sọ. Ó kàn bi í bóyá ó lè bá òun wò ó lórí fóònù bóyá ojúlówó ni. Waheedah tẹ fóònù, ó fi hàn án: irú rẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n ń tà wọ́n ní mẹ́wàá mẹ́wàá fún àwọn tó fẹ́ fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé, owó wọn kò tó owó bọ́ọ̀sì. "Mummy, wò ó. Féèkì ni. Sorry." Woolwich ni wọ́n bí Waheedah sí, "ẹ" kì í tètè wá sẹ́nu rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti dẹ́kun àtimáa bá a jà lórí ìyẹn. Ó ní kò burú. Ó gba owó náà, ó tún lọ fi kọ́ ìṣó.

Ibi tí àwọn àgbàlagbà ti ń jẹun ọ̀sán pa pọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ní Plumstead ni Sàídátù ti mọ Michelle. Ará Hong Kong ni Michelle, ó ti lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló sì mú un wá sí Woolwich ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó ní òun lórúkọ gidi, ṣùgbọ́n Michelle ni òun fi fún àwọn tí kò ní sùúrù. Sàídátù sọ fún un pé níbi tí òun ti ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì fún ọdún mọ́kàndínlógún, Sadie ni wọ́n ń pe òun, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín sí ara wọn títí tíì fi tutù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì tó ń tiro lápá méjèèjì, ṣùgbọ́n ó ń gbé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Nítorí pé àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀, Michelle náà ti kọ́ láti máa pe ẹni tó bá jù ú lọ ní Auntie.

Bàbá Michelle ló ń ta owó àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Hong Kong. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni Michelle ti ń jókòó ti àtẹ bàbá rẹ̀. Ìgbà tí Sàídátù gbọ́ èyí, kò jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà; ó bẹ̀ ẹ́ kó wá bá òun yẹ owó kan wò. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti bọ́ owó náà kúrò lára ìṣó, ó sì wé e sínú áńkáṣíìfù.

Michelle kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó kó awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá jáde, ó kó òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn wúrà jáde, ó sì tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì. Kó tó fọwọ́ kan ti Sàídátù, ó kọ́kọ́ da owó mẹ́fà sílẹ̀ látinú àpò aṣọ kan. Ó ní mẹ́ta jẹ́ ojúlówó, mẹ́ta jẹ́ ayédèrú, kí Auntie ṣà wọ́n. Bí bàbá òun ṣe máa ń ṣe fún òun nìyẹn, bí òun bá ṣì í, kò sí oúnjẹ àárọ̀.

Sàídátù kò mọ ìwé kà tó bẹ́ẹ̀, áńbọ̀ǹtórí ìwé Ṣáínà. Ṣùgbọ́n ilé onídẹ ni wọ́n bí i sí, ní Ìwó. Abọ́ idẹ ìyá rẹ̀ àgbà nìkan tó méjìlá, òun ló sì ń fọ̀ wọ́n. Ó mú owó náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra wọ́n, ó gbé ọwọ́ sí imú. Ó ya mẹ́ta sọ́tùn-ún, ó ya mẹ́ta sósì. Kò ṣi ẹyọ kan níbẹ̀. Michelle wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bàbá òun ì bá ti fún un ní oúnjẹ.

Lẹ́yìn náà ló wá mú owó Gbémiga. Ó fi han Sàídátù bí wọ́n ṣe ń kà á: èyí tó wà lókè ṣáájú, èyí tó wà nísàlẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ orúkọ ọba tí wọ́n dà á láyé rẹ̀, Kin Lung, ọba tó pẹ́ lórí oyè fún ọgọ́ta ọdún, kí a tó bí bàbá bàbá bàbá ẹnikẹ́ni tó jókòó níbẹ̀. Méjì tó kù ń sọ pé owó tí gbogbo ayé ń ná ni. Ó yí i padà. Ìkọ̀wé méjì wà lẹ́yìn, tí kò jọ ti iwájú rárá, nítorí pé èdè àwọn tí ọba náà ti wá ni. Òun ló ń sọ iléeṣẹ́ tí wọ́n ti dà á. Michelle ní ibẹ̀ ni àwọn aláyédèrú ti máa ń tẹ́. Wọ́n á ṣe iwájú bó ṣe yẹ, wọ́n á fi ẹ̀yìn ṣe jágbajàgba. Ti Auntie yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ gún régé.

Ó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ó fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò burú. Ó gbé awò sójú, ó wò ó títí, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Auntie, ta ló fọ̀ ọ́?"

Inú Sàídátù dùn. Ó ní òun ni. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú, bí wọ́n ṣe ń fọ idẹ nílé àwọn. Gbogbo àsè ààwẹ̀, gbogbo ọjọ́ ọdún, kò sí èyí tó yẹ̀ láti 1980. Nígbà tí kò sí eérú mọ́ ní Lọ́ndọ̀nù, òun máa ń sun páálí nínú agolo lẹ́yìn ilé kí òun lè rí i.

Michelle gbé awò sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú orí ara rẹ̀. Ó ní àwọ̀ tí ọdún fi ń kun irú owó yìí, dúdú, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ilẹ̀, òun ni ẹ̀rí. Aláyédèrú á fi ọ̀dà kùn ún, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n á mọ̀. Ti èyí, kò sí dúdú, kò sí ewé, ńṣe ló ń dán bí òrùka ìyàwó. "Auntie, ẹ wẹ ẹlẹ́rìí yìí títí ó fi gbàgbé ohun tó rí."

Veronica tó ń pín tíì fún wọn gbọ́ ọ. Ó ní ẹni tó bá gbé ṣíbí fún Auntie kó fọ̀ ọ́, abẹ́rẹ́ ló máa gbà padà. Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Sàídátù náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ tó ní sí owó náà gan-an ló ti fi pa ẹnu ẹlẹ́rìí náà dé.

Kò tán síbẹ̀. Michelle fi ìka tọ etí owó náà yí po, ó dúró níbì kan, ó tún padà. Ó ní apá ibí yìí fẹ́lẹ́ ju ibi tó kù lọ. Ó ṣàlàyé pé nígbà tí wọ́n bá ti da owó wọ̀nyí tán láyé ọjọ́un, ọ̀pá onígun mẹ́rin ni wọ́n máa ń fi sínú ihò wọn, kí wọ́n má baà máa yí, wọ́n á wá fi ayùn irin ha etí gbogbo wọn dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí ihò náà fi ní igun mẹ́rin. Dọ́gba ni etí wọn máa ń rí. Èyí tó fẹ́lẹ́ lápá kan, ẹnì kan ti ha á lẹ́yìn ìgbà náà, ẹni tó bá sì ń ha owó, ó ní ohun tó ń bò mọ́lẹ̀. Ó ní ó ku inú ihò nìkan tí òun kò tíì rí, òwú ló dí i. Ṣé kí òun gé òwú náà?

Sàídátù fi ọwọ́ bo owó náà kó tó mọ̀ pé òun ti ṣe bẹ́ẹ̀. Gbémiga ló so òwú yẹn, lọ́jọ́ tó kù ọ̀la kí wọ́n wá sí ìlú òyìnbó. Ehín rẹ̀ ló fi fa kókó náà le.

Michelle kò rọ̀ ọ́. Ó kó awò rẹ̀ padà sínú àpò. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ nígbà tó sọ ọ́, bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ létí aláìsàn. "Bàbá mi kò ní rà á, Auntie."

Sàídátù kò lọ tààrà sílé. Ó sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Woolwich, ó rìn lọ sí etí odò, ó dúró níbi tí wọ́n ti ń wo ọkọ̀ tó ń gbé mọ́tò sọdá. Gbémiga fẹ́ràn ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbé ní Glyndon Estate, gbogbo Sátidé ló máa ń fẹsẹ̀ rìn wá síbẹ̀, á kẹ́ ọwọ́ sẹ́yìn, á máa wo ọkọ̀ náà bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ó máa ń ní ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́ ni, kò lè jẹ kọjá ibi tí okùn rẹ̀ mọ. Sàídátù a máa ní, "Ìwọ náà ńkọ́?" Á ní òun náà ti rí ẹni so òun mọ́lẹ̀, okùn náà sì dùn. Ó rántí èyí, ó wo omi.

Ohun tí Sàídátù kò sọ fún Michelle ni pé òun mọ ohun tó ha etí owó náà.

Lọ́dún tí Gbémiga dé, ibà mú Sàídátù. Gbémiga bu àdí sí àtẹ́lẹwọ́, ó na ọwọ́ sí iná kí àdí náà lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ dojú bolẹ̀. Ó wá fi etí owó idẹ náà fa ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìpàkọ́ wá sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, lẹ́yìn náà lápá òsì. Ìsàlẹ̀ ló ń fà á sí, kì í fà á sókè láéláé; bó bá dé ìsàlẹ̀ á gbé ọwọ́ kúrò, á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ó dùn ún díẹ̀, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ tú, bí ìgbà tí wọ́n tú òòyà kúrò nínú irun tó di. Ilà pupa pupa yọ sí i lẹ́yìn, ooru sì gba ibẹ̀ jáde. Gbémiga ní bí bàbá yẹn ṣe ń ṣe fún òun nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìyá Sàídátù rí ilà náà nígbà tó ń bá a wẹ̀. Ó pe mọ̀lẹ́bí jọ. Ó ní ọkọ ọmọ òun ti lọ kọ́ ìwà ìkà lókè òkun, ó ń na ọmọ òun. Gbémiga kúnlẹ̀ láàárín wọn, ó ń ṣàlàyé, kò sí ẹni tó gbọ́. Ní Woolwich, nígbà tí Waheedah jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ibà mú òun náà, bàbá rẹ̀ ṣe é fún un. Olùkọ́ rí ẹ̀yìn ọmọ nígbà eré ìdárayá. Ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin méjì gbé fáìlì wá sílé. Wọ́n bi ọmọ ní ìbéèrè lọ́tọ̀, wọ́n bi ìyá lọ́tọ̀. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni Gbémiga kan ìṣó, ó fi owó náà kọ́ síbẹ̀; nígbà tí wọ́n kó lọ sí Thamesmead, ó tún kan òmíràn. Kò fọwọ́ kan Waheedah mọ́. Ẹ̀yìn Sàídátù nìkan ni owó náà tún mọ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì, bí ohun tí àwọn méjèèjì jí gbé. Ta wá ni Sàídátù máa sọ ọ́ fún ní ìlú tí wọ́n ti ń kọ ilà ẹ̀yìn ènìyàn sínú fáìlì?

Èyí tó ṣe kẹ́yìn ni èyí tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Oṣù kan péré ló kù kí ó kú. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò sí agbára nínú rẹ̀ mọ́, owó náà kàn ń yọ̀ lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ bí ìka ọmọdé. Ó ní, "Ṣé ó dé ibẹ̀?" Sàídátù ní ó dé ibẹ̀. Kò dé ibẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó jókòó sí ibi tí oòrùn ti ń wọlé, ó fi abẹ́rẹ́ tú kókó náà. Ó gba gbogbo òwúrọ̀ náà. Nígbà tó tú tán, ó ká òwú sínú ìwé Kùránì, ó wá gbé owó náà sí ìmọ́lẹ̀. Inú ihò náà dúdú kirimu, ọwọ́ rẹ̀ kò dé ibẹ̀ rí láti ọdún yìí wá. Ó ti dìde láti lọ mú ọsàn wẹ́wẹ́ kó tó rántí. Ó tún jókòó padà.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé e fún Michelle. Michelle gbé awò sójú. Ó ki ẹ̀gbọ̀n òwú bọ inú omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ó kọ́kọ́ fi nu ihò ọ̀kan nínú àwọn ayédèrú rẹ̀: òwú náà di àwọ̀ ewé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé ọ̀dà ni. Ó wá mú òwú tuntun, ó fi nu inú ihò owó Gbémiga. Ó nù ún, ó tún un nù. Òwú náà funfun bó ṣe wà. Dúdú tó wà níbẹ̀ ti di ara idẹ, ọ̀dà kọ́. Ó ní ẹlẹ́rìí náà ṣẹ́ ọ̀rọ̀ kan kù sínú ihò, níbi tí ọsàn Auntie kò dé. "Ojúlówó ni."

Sàídátù ní kí Ọlọ́run bùkún fún un. Lẹ́yìn náà ló bi í ní èyí tó ń bi ara rẹ̀: ṣé owó náà lè sọ ibi tí wọ́n ti rà á? Michelle mi orí. Ó ní irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n, ó wà káàkiri ayé, ó wà ní ìlú òyìnbó níbí, ó lè wà ní Èkó. Ojú Sàídátù wálẹ̀. Michelle tún ń fi ìka tọ etí owó náà. Ó ní etí yìí ni kò jẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀. Kí ló dé tí ènìyàn máa fi ha owó gidi?

Ìgbà yẹn ni Sàídátù dìde. Ó ní kí Michelle jẹ́ kí àwọn lọ sí yàrá kékeré tí wọ́n máa ń kọ́ kóòtù sí. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: ibà, àdí, ìyá rẹ̀, fáìlì, Débọ̀ àti Liverpool. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìgbà tó sọ ọ́ tán, Michelle ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

"Ẹ ṣe é kí n rí i."

Ìgò àdí kékeré tí Sàídátù máa ń fi pa orúnkún wà nínú báàgì rẹ̀. Ó kán an sí apá Michelle. Ó fi ìka méjì àti àtàǹpàkò mú owó náà, ó dà á sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, bí Gbémiga ṣe máa ń mú un, ibi tó fẹ́lẹ́ yẹn sì bọ́ sí àyè rẹ̀ gẹ́lẹ́ láìjẹ́ pé ó wá a. Ó fà á wálẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Michelle di ojú. Ó ní, "Ìyá bàbá mi." Ó wá ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyá náà máa ń ṣe fún àwọn, irú owó yìí kan náà ló sì fi ń ṣe é, kì í fà á sókè. Apá kan náà ni ọwọ́ máa ń wá lórí owó, títí apá náà á fi jẹ. "Kì í ṣe ayùn ló jẹ ẹ́, Auntie. Ẹ̀yìn ènìyàn ni. Ẹ̀yìn tiyín nìkan kò tó o. Ó ti jẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Mo ti wo etí yìí lẹ́ẹ̀mejì, mi ò mọ̀ ọ́n. Bàbá mi ì bá nà mí."

Sàídátù bi í: "Hong Kong ni, àbí Liverpool?"

Michelle kò purọ́ fún un. Ó ní, "Mi ò lè búra sí ìlú. Àwọn àgbà wa wà ní Liverpool náà. Ohun tí mo lè búra sí ni pé ọkọ yín ṣàìsàn, pé àgbà kan jókòó sí i lẹ́yìn, kì í sì í ṣe ọjọ́ kan. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún lẹ́ẹ̀kan kò lè mọ̀ ọ́n tó báyìí, kó tún fi kọ́ yín. Owó tó bá sì ti ṣe iṣẹ́ yìí, ní ilé tiwa, a kì í tà á."

Sàídátù rò ó. Gbémiga ní òun ṣàìsàn. Ó ní bàbá àgbàlagbà kan jókòó sí òun lẹ́yìn. Ó ní ó bọ́ ọ lọ́rùn ara rẹ̀. Kò sọ ju ìyẹn lọ. Bó bá jẹ́ Hong Kong, kó jẹ́ Hong Kong. Bó bá jẹ́ Liverpool, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti tọ́jú ọkọ rẹ̀ fún un. Obìnrin tí Débọ̀ gbé wá sílé rẹ̀ láti ọdún kan dìde, ó mú ìborùn rẹ̀, ó lọ. Àárò ọkùnrin náà wá kún inú yàrá kékeré yẹn, láàárín àwọn kóòtù, láìsí ẹnikẹ́ni láàárín wọn mọ́. Ó sunkún. Michelle jẹ́ kó sun ún.

Lẹ́yìn náà Michelle bi í pé ọjọ́ wo ni ẹnì kan ti ṣe é fún un gbẹ̀yìn. Sàídátù ní ó ti lé lọ́dún méjì. Michelle fa àga kan, ó yí i padà, ó ní kó jókòó kó gbá ẹ̀yìn àga mọ́ra. Ó bu àdí sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ọwọ́ ra á kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Sàídátù tú bọ́tìnnì, ó fa ìbòrí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé orí lé apá.

Owó náà kọ́kọ́ tutù, lẹ́yìn náà ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọwọ́ Michelle le, ó le bí ọwọ́ Gbémiga nígbà tí Gbémiga ṣì lágbára. Ó fà á láti ìpàkọ́ wá sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Lọ́wọ́ ìkejì, lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun níbi tí ọdún méjì ti dì sí, ó dúró díẹ̀.

"Ṣé ó dé ibẹ̀, Auntie?"

"Ó dé ibẹ̀," ni Sàídátù wí.

Veronica kan ilẹ̀kùn, ó ní tíì wọn ti ń tutù o. Michelle tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.